Photius, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kiev, àti Ẹ̀wù Ìsìn Rẹ̀

Monemvasia, ìlú etíkun kan ní ilẹ̀ Gíríìkì, ni a gbé bí Photius. Láti kékeré ni ó ti wà láàrin àwọn mọ́ńkì. Ṣùgbọ́n ní 1408 Pátíríákì Constantinople yà á sọ́tọ̀ láti jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kiev àti gbogbo Rọ́ṣíà, ilẹ̀ òtútù, láàrin àwọn ènìyàn tí èdè wọn kì í ṣe tirẹ̀.

Nígbà tí ó fi dé Moscow ní 1410, ogun àwọn Tatar ti sọ ilé àti oko Ìjọ di ahoro. Ní ọdún náà gan-an ni wọ́n tún kọlu Vladimir. Photius rí igbó sá sí. Ṣùgbọ́n wọ́n mú Patrikey, àlùfáà tí ó kó àwọn ohun èlò mímọ́ pamọ́, wọ́n sì dá a lóró títí ó fi kú, kò sì fi ibi tí wọ́n wà hàn.

Ìyọnu mìíràn ti inú Ìjọ wá. Vytautas, aláṣẹ Lithuania, kò fẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù tí ń gbé Moscow ṣe olórí àwọn Kristẹni ilẹ̀ rẹ̀. Ní 1415 a fi Gregory Tsamblak jẹ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kiev, Ìjọ kan sì di méjì.

Àkókò ìjà yìí, láàrin 1414 sí 1417, ni àwọn onímọ̀ gbà pé a ṣe ẹ̀wù ńlá Photius. Sakkos ni wọ́n ń pè é: ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí apá rẹ̀ kúrú. Sẹ́dà ni, a fi òwú wúrà, òwú fàdákà àti péálì ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí i lára. Àwòrán Vasily, ọba Moscow, wà níbẹ̀, àti ti Sophia aya rẹ̀, ẹni tí í ṣe ọmọ Vytautas fúnra rẹ̀. Àti ti John, ọmọ Késárì Constantinople, pẹ̀lú Anna aya rẹ̀, ọmọ Vasily. Photius tìkára rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ń kọ èyí, àwọn tí ó yẹ kí a wò jù ni Anthony, John àti Eustathius, àwọn ajẹ́rìíkú tí a pa ní Vilnius ní 1347. Bíṣọ́ọ̀bù tí Lithuania kọ̀ ń wọ àwọn ẹni mímọ́ Lithuania sára lọ síbi pẹpẹ. Yí etí ẹ̀wù náà ká ni a kọ Ìgbàgbọ́ ti Nikea ní èdè Gíríìkì, èyí tí àwa náà ń kà níbi Oúnjẹ Olúwa, bí ọ̀rọ̀ kan nípa Ẹ̀mí Mímọ́ tilẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa.

Àjàkálẹ̀-àrùn pa Anna ní 1417. Tsamblak kúrò ní ipò, Vytautas bá Photius rẹ́ ní 1420, Ìjọ sì tún di ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀. Ó sùn nínú Olúwa ní oṣù Keje 1431, a sì sin ín sí Kàtídírà Ìsùn Màríà ní Kremlin. Àwọn Túọ́kì gba Constantinople ní 1453. Ẹ̀wù náà wà ní ilé ìṣúra Kremlin ní Moscow títí di òní.