Louis Pasteur àti Ìwúkàrà

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1822 ni a bí Louis Pasteur ní ìlú Dole, ní ilẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ awọ ẹran ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́, àwòrán yíyà ni ó mọ̀ jù. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò kà á kún àwọn tí ó ta yọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀ nítorí oògùn ìdènà àrùn dìgbòlugi tí ó lò ní ọdún 1885, ṣùgbọ́n ìwúkàrà, ohun tí ń mú búrẹ́dì wú, ni ó gbé e wọ inú àríyànjiyàn tí ó bá a dé ọjọ́ ogbó.

Ní ọdún 1854 ni ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní ìlú Lille. Nígbà tí ó di ọdún 1856, bàbá ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tọ̀ ọ́ wá. Ọkùnrin yìí a máa fi gbòǹgbò bíìtì pọn ọtí, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú àwọn àgbá rẹ̀ ń kan, ó sì ń bàjẹ́. Pasteur bù nínú àgbá tí ó dára, ó bù nínú èyí tí ó bàjẹ́, ó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n. Nínú èyí tí ó dára, ìwúkàrà rí roboto bí ẹyin wẹ́wẹ́. Nínú èyí tí ó bàjẹ́, àwọn kòkòrò mìíràn tí ó rí bí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó kún ibẹ̀.

Ní àkókò náà, Justus von Liebig, àgbà nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ní ilẹ̀ Jámánì, ń kọ́ni pé jíjẹrà ìwúkàrà ni ó ń tú ṣúgà ká di ọtí. Pasteur kò gbà. Ó po ṣúgà, iyọ̀ amóníà àti eérú ìwúkàrà mọ́ omi, ó sì fi ìwúkàrà bíńtín sí i. Kò sí ohun tí ó lè jẹrà nínú omi náà. Síbẹ̀ ìwúkàrà bí sí i, ṣúgà sì di ọtí.

Ní ọdún 1861 ni ó ṣàlàyé ohun tí ó yani lẹ́nu jù. Nígbà tí ó da omi ṣúgà sínú àwo fífẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń dé, ìwúkàrà pọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ọtí rẹ̀ kò tó nǹkan: ìwọ̀n ṣúgà 4 sí 10 péré ni ó jẹ kí ìwọ̀n kan ìwúkàrà titun tó jáde. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, ìwúkàrà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ tó ìwọ̀n ṣúgà 60 sí 80 fún ìwọ̀n kan. Bí afẹ́fẹ́ bá wà, ìwúkàrà a máa jó ṣúgà tán bí iná ti ń jó igi di eérú, agbára tí ó ń rí a sì pọ̀. Bí kò bá sí afẹ́fẹ́, jíjó náà kì í parí. Ọtí ni igi tí kò jóná tán. Nítorí náà ó ní láti jẹ púpọ̀ kí ó tó lè wà láàyè. (Àwọn tí ó wádìí lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé bí ṣúgà bá pọ̀ jọjọ, ìwúkàrà a máa ṣe ọtí bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ wà.) Iṣẹ́ ìwúkàrà kan náà ni ó wà nínú agbè ẹmu: èyí tí ó dùn ní òwúrọ̀ a ti máa hó kí oòrùn tó kanrí.

Lókè àjà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Paris ni Pasteur ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1859, ibà jẹ̀funjẹ̀fun pa Jeanne, àkọ́bí rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án; ọmọbìnrin méjì mìíràn tún kú ní 1865 àti 1866. Ní oṣù Kẹwàá 1868, àrùn ẹ̀gbà kọlù ú ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Láti ìgbà náà, ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó fi ń ṣe ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ kò lè ṣe mọ́.

Ní ọdún 1871 ó pe Liebig níjà pé kí àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó kí wọ́n dán ọ̀rọ̀ náà wò lójú ara wọn. Liebig kò jẹ́ ìpè náà, ó sì kú ní 1873. Ṣùgbọ́n agídí Pasteur náà pọ̀ díẹ̀, nítorí ó tẹnu mọ́ ọn pé láìsí ìwúkàrà alààyè, ṣúgà kò lè di ọtí. Ó kú ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895. Ní 1897, Eduard Buchner, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi iyanrìn lọ ìwúkàrà kúnná, ó fún omi inú rẹ̀, ó sì da ṣúgà sí i. Omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwúkàrà alààyè kan nínú rẹ̀. Ẹ́nsáìmù tí ìwúkàrà ti ṣe sínú ara rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ ni ó ń tú ṣúgà náà ká.