César Ritz: Ọmọ àgbẹ̀ tó kọ́ ayé ní ìtọ́jú àlejò

Ẹni tí a ní kò lè pàgọ́, òun ló wá kọ́lé aláruru. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ Olóògbé César Ritz rí. Abúlé Niederwald, lórílẹ̀-èdè Swítsàlandì, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1850. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú ọmọ mẹ́tàlá tí àwọn òbí rẹ̀, tí í ṣe àgbẹ̀, bí. Nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ agbọ́tí nílé ìtura kan nílùú Brig, ọ̀gá rẹ̀ lé e dànù, ó ní irú rẹ̀ kò lè rọ́wọ́ mú nídìí ìtọ́jú àlejò.

Ritz kò torí èyí padà sóko. Lọ́dún 1867, ó gba Paris lọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, ó sì di agbáwo. Gbogbo ohun tí àwọn ọlọ́rọ̀ fẹ́ràn ló ń fi sọ́kàn. Ní Monte Carlo, òun àti Auguste Escoffier, ògbóǹtarìgì alásè ọmọ ilẹ̀ Faransé, di ìgbín àti ìkarahun.

Lọ́dún 1889, Richard D'Oyly Carte ṣí ilé ìtura Savoy sí ẹ̀bá odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Iná mànàmáná wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè náà wà, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ àlejò í ṣe ni wọ́n ń wá. Carte ké sí Ritz, Escoffier sì gba ilé ìdáná. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ọba àti gbajúmọ̀ fi ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti jẹun, kí wọ́n sì sùn. Àwọn obìnrin ọlọ́lá, tí kì í sábàá jẹun ní gbangba tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ wọn jókòó níbẹ̀.

Lọ́dún 1898, nǹkan dàrú. Àwọn aláṣẹ Savoy lé àwọn méjèèjì, wọ́n ní ọtí tí owó rẹ̀ lé ní 3,000 pọ́n-ùn ti pòórá. Ọ̀rọ̀ náà kò dé kóòtù. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ritz ṣí ilé ìtura tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Paris.

Lọ́dún 1902, ó ti palẹ̀ mọ́ fún àsè ìwúyè Ọba Edward Keje nígbà tí àìsàn kọlu ọba, tí wọ́n sì sún ayẹyẹ síwájú. Ritz ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọpọlọ rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò bí i ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilé ìtura Ritz ti Lọ́ńdọ̀nù ṣí lọ́dún 1906, orúkọ rẹ̀ ló wà lára ògiri, àárẹ̀ ti mú ẹni tó ni ín. Oṣù kẹwàá ọdún 1918 ló jáde láyé.

Ẹni tó fi gbogbo agbára rẹ̀ wá ìsinmi fún àlejò kò rántí wá ti ara rẹ̀.