Honus Wagner: Ọmọ Awakùsà Tó Ní Kí Wọ́n Má Tẹ Àwòrán Òun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọjá, ẹ yà wá ná. Ká ní ẹnì kan fún ẹ ní káàdì kékeré kan tó jábọ́ látinú páálí sìgá, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí àwòrán ọkùnrin kan wà lára ẹ̀, kí lo máa fi ṣe? Ọ̀pọ̀ wa máa jù ú nù ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ẹnì kan ra irú káàdì yẹn ní mílíọ̀nù 7.25 owó dọ́là. Káàdì ọ̀hún ò sì tuntun o, ó ti gbó. Ọkùnrin inú àwòrán yẹn là ń sọ ìtàn ẹ̀ lónìí.

Johannes Peter Wagner lorúkọ ẹ̀, àmọ́ Honus ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1874 ni wọ́n bí i lẹ́bàá ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ń pè ní Carnegie lónìí. Jámánì làwọn òbí ẹ̀ ti wá. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún 12, ó ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ti bá bàbá ẹ̀ àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ wa èédú. Ẹ rò ó wò ná, ọmọ JSS 1 nìyẹn o!

Bésíbọ́ọ̀lù ló yọ ọ́ nínú kòtò. Nínú eré yìí, igi ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré tí ẹlòmíì jù sí wọn, ẹni tó bá gbá a á sì sáré yí pápá ká kó tó padà síbi tó ti gbéra. Albert ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbá a, òun ló sì bá a wá ọ̀nà. Ní 1897, ó wọ ẹgbẹ́ Louisville. Ní 1900, ó bọ́ sí Pittsburgh Pirates, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1917.

Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ò ní gbà pé eléré ìdárayá ni. Àyà ẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ tóbi, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì sì tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ṣùgbọ́n tó bá di eré sísá, àfi bíi pé ìjì ló ń gbé e. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ló gba ipò kìíní nínú àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ní líìgì wọn. Ní 1909, òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ na Detroit, ẹgbẹ́ Ty Cobb, wọ́n sì di ọ̀gá gbogbo Amẹ́ríkà.

Ọdún yẹn náà lọ̀rọ̀ káàdì bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tábà ńlá kan, American Tobacco Company, ń ki káàdì àwọn agbábọ́ọ̀lù sínú páálí sìgá. Káàdì yẹn kì í jẹ́ kí sìgá tẹ̀, ó sì tún ń fa oníbàárà. Láti 1909 sí 1911, oríṣi tó lé ní 500 ni wọ́n tẹ̀. T206 làwọn tó ń kó o jọ ń pè é.

Wagner ní òun ò fẹ́. Oníròyìn kan ní Pittsburgh, John Gruber, ni wọ́n ní kó bá wọn gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n sì ṣèlérí dọ́là 10 fún un. Wagner kọ̀, àmọ́ ó fi ṣẹ́ẹ̀kì dọ́là 10 ránṣẹ́ sí Gruber kí owó ọ̀hún má bàa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. (Àwa oníròyìn pátákó yìí náà wà ńbí o.) Ilé iṣẹ́ náà ti tẹ díẹ̀ kó tó di pé wọ́n dá a dúró. Nǹkan bí 60 la mọ̀ pó ṣì wà láyé.

Kí ló dé tó fi kọ̀? Àwọn kan ní kò fẹ́ kí àwọn ọmọdé máa ra sìgá torí àwòrán òun. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, owó ni wọn ò fún un, ṣebí òun náà ń mu sìgá ńlá, ó ń jẹ tábà, àwòrán ẹ̀ sì ti bá ọjà onísìgá kan jáde rí. Lójú tiwa, ẹni tó ń lé owó kì í yọ dọ́là 10 lápò ara ẹ̀ fún oníròyìn.

Lédè tiwa, tá a bá ní ọjà wọ́n, ó lè jẹ́ pé kò sí i, ó sì lè jẹ́ pé owó ẹ̀ ti ga. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ lè wá rò pé bí káàdì Wagner ṣe ṣọ̀wọ́n ló jẹ́ kó wọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán o! Nínú T206 kan náà, wọ́n ṣàṣìṣe lára káàdì Joe Doyle, wọ́n kọ líìgì tí kì í ṣe tiẹ̀ sí i, wọ́n sì tètè tún un ṣe. Èyí tó ní àṣìṣe yẹn ò tó ti Wagner rárá, síbẹ̀ owó ẹ̀ ò sún mọ́ ọn. Àṣìṣe atẹ̀wé ṣáà ni, kí lèèyàn fẹ́ rí sọ nípa ẹ̀? Ti Wagner ló ní ìtàn tí bàbá lè sọ fọ́mọ.

Ní àwọn ọdún 1930, Jefferson Burdick tó kọ ìwé nípa káàdì fi ti Wagner sí dọ́là 50, nígbà tí ọ̀pọ̀ yòókù ò tó dọ́là kan. Ní 1991, Wayne Gretzky tó ń gbá họ́kì orí yìnyín àti ọ̀gá ẹ̀ ra ọ̀kan ní gbàǹjo ní 451,000 dọ́là. Ní 2007, káàdì yẹn kan náà di mílíọ̀nù 2.8. Ní 2013 ni Bill Mastro, oníṣòwò tó ti tà á rí, jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun ti gé etí ẹ̀ kó lè dà bíi tuntun. Haba! Ó yẹ kí ìyẹn sọ ọ́ di yẹpẹrẹ, àmọ́ òkìkí ló tún fi kún un.

Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú owó wọ̀nyí tó kan Wagner. Ní 1936, ó wà lára àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ tí wọ́n fi orúkọ wọn sí ilé ọlá bésíbọ́ọ̀lù, òun àti Babe Ruth. Ó pẹ́ tó fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Pittsburgh. Wọ́n gbẹ́ ère ẹ̀ síbẹ̀ ní 1955, ó sì kú lọ́jọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, lẹ́ni ọdún 81.

Burdick ní tirẹ̀ kó gbogbo káàdì ẹ̀, tó lé ní 300,000, fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Wagner wà nínú ẹ̀.