Ayọ̀ Babalọlá: ọkùnrin tó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí àdúrà

Ẹni tó bá ń gbé Ketu, Ikosi tàbí Mile 12, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Island, mọ̀ pé aago márùn-ún ìdájí gan-an ti pẹ́. Tó bá fi máa délé lálẹ́, oorun ti kún ojú ẹ̀. Ìgbà wo wá ni ká gbàdúrà? Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé ìdí ìtàn Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá.

Ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní Òdò-Ọwà, ní ìpínlẹ̀ Kwara òde òní. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà làwọn òbí ẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, kó tó wọ PWD, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà nígbà ayé àwọn òyìnbó. Ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ títì ló ń wà. Iṣẹ́ olówó oṣù nìyẹn o, nígbà tí irú ẹ̀ ò pọ̀.

Ní October 1928, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Oorun ti dá lójú ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Nítòsí Ìkejì-Arákejì, ẹ̀rọ náà ṣàdédé kú, kò sì rí ibi tó bàjẹ́. Ó ní òun gbọ́ ohùn tó ní kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí òun lọ wàásù. Ọ̀gá ẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó pàrọwà fún un títí, kò gbà. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje.

Ní July 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, èrò ń rọ́ wá. Ohun tó wọ̀ mí lára ni pé òkìkí ò gba àkókò àdúrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ṣì ń gun orí òkè lọ gbàdúrà. Ní 1932, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin. Ó jáde, ó tún ń bá a lọ. Ní 1943, wọ́n forúkọ ìjọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bíi CAC. Ó kú ní Ẹdẹ lọ́jọ́ 26 July 1959, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sin ín sí. Lónìí, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀ wà ní Ìkejì-Arákejì.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Láńlọ́ọ̀dù Ketu kì í gbọ́ àlàyé. Àmọ́ Babalọlá ò dúró dìgbà tọ́wọ́ máa dilẹ̀. Ó kọ́kọ́ ya àkókò sọ́tọ̀, nǹkan tó kù wá tẹ̀ lé e. Tèmi ni ìṣẹ́jú 15, kí n tó fọwọ́ kan fóònù láàárọ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n mi ò bá ẹnikẹ́ni pín in.