Adéoyè Lambo: Dókítà tó mú ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ kúrò nínú ọgbà lọ sí àárín abúlé

Ní ọdún 1954, dókítà kan tó jẹ́ ọmọ bíbí Abẹ́òkúta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé láti wá ṣe olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ tuntun tí ìjọba ń kọ́ sí Aro, ní ìlú rẹ̀. Ọmọ ọdún 31 ni. Ilé náà kò tíì parí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó nílò ìtọ́jú kò lè dúró de àwọn tó ń kọ́lé.

Thomas Adéoyè Lambo kò ká ọwọ́ gbera. Ó tọ àwọn àgbààgbà abúlé tó wà nítòsí lọ, ó sì bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn ọpọlọ sílé gẹ́gẹ́ bí ayálégbé. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ọgbọ́n àtirọ́nà gbé e gbà yìí ló wá di ọ̀kan lára àwọn ètò ìtọ́jú tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ káàkiri àgbáyé fi mọ ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìbéèrè kan ni Lambo fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí: ǹjẹ́ ẹni tí orí rẹ̀ dàrú pátápátá lè gbádùn láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, àbí dandan ni kí a tì í mọ́lé?

Ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ ìṣègùn

Ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1923 ni wọ́n bí Lambo. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School, Abẹ́òkúta, kó tó rìnrìn àjò lọ sí fásitì Birmingham láti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ló ti fẹ́ Dinah, ìyàwó rẹ̀.

Lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ dókítà ìjọba ní Nàìjíríà fún ìgbà díẹ̀, ó padà sí London láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Maudsley. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní àsìkò náà, ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan tí ọpọlọ wọn dàrú nígbà tí wọ́n ń kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ìjọba lóminú. Lambo wà lára àwọn tí wọ́n ní kó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó ṣàkíyèsí pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ti kàwé jìnnà, ìbẹ̀rù àjẹ́, èpè àti ọwọ́ ayé ló gba ọkàn wọn nígbà tí àìsàn dé. Èyí fi hàn án pé dókítà tí kò bá mọ ojú tí aláìsàn fi ń wo àìsàn rẹ̀, ààbọ̀ ìtọ́jú ló lè ṣe.

Ohun tó bá nílé

Kí Lambo tó dé, títì mọ́lé ni ètò ìjọba amúnisìn fún ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú. Ọdún 1907 ni wọ́n ṣí ọgbà àwọn wèrè ti Yaba ní Èkó. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1916 fún ìjọba lágbára láti gbé èèyàn sí irú ọgbà bẹ́ẹ̀. Ní Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, ilé tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀ ní Lantoro ni wọ́n sọ di ibùdó aláìsàn ọpọlọ lọ́dún 1944, fún àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kejì ti kó bá.

Lọ́dọ̀ ará ilé pẹ̀lú, ìtìjú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Àwọn ẹbí kan a máa fi aláìsàn pamọ́ sí iyàrá, àwọn mìíràn a mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn tí yóò fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí i lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò ní alábàárò, ojú ọjà ni ń gbé.

Èrò àwọn onímọ̀ kan láti òkèèrè tún wá dá kún un. Lọ́dún 1953, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tẹ ìwé kan tí dókítà J. C. Carothers kọ lórí ọpọlọ ọmọ Áfíríkà. Carothers, tó ti ṣiṣẹ́ ní Kenya, sọ pé ọmọ adúláwọ̀ kì í lo apá iwájú ọpọlọ rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Lambo ta ko irú èrò báyìí nínú àwọn ìwé tó kọ. Ó gbà pé àìsàn ọpọlọ kò yọ ìran kankan sílẹ̀, àti pé àṣà àti ìgbé ayé ló ń yí bó ṣe ń fara hàn padà.

Bí abúlé ṣe di ilé ìwòsàn

Ètò Aro kò le yé èèyàn. Aláìsàn kò ní dá wá. Ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, yálà ìyá, àbúrò tàbí ìyàwó. Àwọn méjèèjì yóò gba iyàrá lọ́wọ́ ará abúlé, wọn yóò sì san owó ilé. Ẹni tó tẹ̀ lé aláìsàn ni yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọ aṣọ, tí yóò sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú.

Lọ́dọ̀ àwọn dókítà, aláìsàn ń gba ìtọ́jú tó wà lóde nígbà náà: oògùn, abẹ́rẹ́ àti fífi iná mànàmáná tọ́jú ọpọlọ. Oògùn chlorpromazine, tí àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé kọ́kọ́ lò fún irú àìsàn yìí lọ́dún 1952, ń yí iṣẹ́ ìṣègùn ọpọlọ padà káàkiri àgbáyé. Nígbà tí ìtọ́jú ọjọ́ náà bá parí, aláìsàn á padà sí abúlé, níbi tó ti lè ṣe iṣẹ́ oko, ná ọjà, kí ó sì bá ará ilé ṣeré.

Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Aláìsàn kò gbàgbé ìwà àwùjọ, nítorí kò kúrò láwùjọ. Ẹbí tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ń rí bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kọ́ àmì tí yóò fi mọ̀ bí àìsàn bá fẹ́ yọjú padà. Nígbà tí wọ́n bá padà sílé, ẹni tó mọ ìtọ́jú náà ti wà nínú ilé. Owó tí ètò náà ń ná ìjọba pẹ̀lú kéré sí ti kíkọ́ wọ́ọ̀dù tuntun.

Àwọn ará abúlé náà jèrè níbẹ̀. Yàtọ̀ sí owó ilé, ilé ìwòsàn yá wọn lówó láti tún ilé wọn ṣe, omi ẹ̀rọ àti ilé ìgbẹ́ tó bójú mu sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí ètò náà ti ń gbilẹ̀, ó kárí abúlé mẹ́rin.

Ìlú Geel ní Belgium ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àjèjì ni aláìsàn jẹ́ sí ẹbí tó bá gbà á ní Geel, nígbà tó jẹ́ pé ní Aro, ẹbí tirẹ̀ ló bá a wá. Ibẹ̀ náà sì ni àléébù ètò yìí wà: ẹni tí kò ní ará, tí ó ń rìn kiri ìgboro, kò lè rí ẹni tí yóò bá a gbé ní abúlé.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọlé

Ohun tó tún mú àríyànjiyàn wá ni pé Lambo pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́. Wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ láti mọ ohun tó wà lọ́kàn aláìsàn, ìtumọ̀ àlá rẹ̀, ìjà inú ẹbí rẹ̀ àti ètùtù tí àwọn ará ilé rẹ̀ gbà pé ó kù láti ṣe. Ìtọ́jú oògùn òyìnbó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn dókítà.

Ọ̀pọ̀ akẹgbẹ́ rẹ̀ wo èyí gẹ́gẹ́ bí ìpadàsẹ́yìn. Àmọ́ ìmọ̀ kan wà lọ́wọ́ àwọn àgbà wọ̀nyí tí kò ṣeé fojú di. Dókítà Raymond Prince, ọmọ Canada tó ṣiṣẹ́ ní Aro ní ìparí àwọn ọdún 1950, ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ wọn, ó sì rí i pé wọ́n ń lo asofẹ́yẹjẹ fún aláìsàn tó ń ta rànpé. Láti ara igi mìíràn tó bá asofẹ́yẹjẹ tan ní ilẹ̀ India ni àwọn onímọ̀ ti yọ oògùn reserpine jáde lọ́dún 1952, èròjà kan náà sì wà nínú asofẹ́yẹjẹ.

Aro gba àlejò àgbáyé

Lọ́dún 1961, Lambo pe àwọn oníṣègùn ọpọlọ jọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà. Ní ọdún yẹn kan náà, òun àti Alexander Leighton ti fásitì Cornell ní Amẹ́ríkà kó ikọ̀ olùwádìí jọ, wọ́n sì lọ láti abúlé dé abúlé láti mọ bí àìsàn ọpọlọ ṣe wọ́pọ̀ tó láàárín Yorùbá. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ìwé lọ́dún 1963.

Ọdún 1963 náà ni Lambo kọjá sí fásitì Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí Ọ̀jọ̀gbọ́n, nígbà tí dókítà Tolani Asuni ń bá iṣẹ́ lọ ní Aro. Lambo di gíwá fásitì náà lọ́dún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Àsìkò náà kò rọrùn fún un. Lọ́jọ́ kìíní, oṣù Kejì, ọdún 1971, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan, Adékúnlé Adépéjú, nígbà ìfẹ̀hónúhàn nínú ọgbà fásitì, ikú náà sì mi gbogbo orílẹ̀-èdè tìtì.

Lọ́dún yẹn ni Lambo lọ sí Geneva láti bá àjọ WHO ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1973 ló di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ náà, ipò tó wà títí di ọdún 1988.

Ìwádìí tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu

Ní ìparí àwọn ọdún 1960, WHO bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí schizophrenia, àìsàn tó lè mú kí èèyàn máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí kí ó gbàgbọ́ pé wọ́n ń lépa òun. Ìlú mẹ́sàn-án ló kópa nínú rẹ̀, lára wọn ni Ìbàdàn, London, Moscow, Agra ní India àti Cali ní Colombia. Aláìsàn 1,202 ni wọ́n yẹ̀ wò.

Nígbà tí wọ́n padà wo àwọn aláìsàn náà lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tó wà ní Ìbàdàn, Agra àti Cali gbádùn ju àwọn tó wà ní ọ̀pọ̀ ìlú olówó lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á. Àwọn kan ní bí ẹbí ṣe dúró ti aláìsàn ni, àwọn mìíràn sì ní ọ̀rọ̀ náà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé ilé ìwòsàn ńlá nìkan ló ń mú aláìsàn ọpọlọ gbádùn.

Láti Aro dé Boukoki

Aro nìkan kọ́ ló gba ọ̀nà yìí. Ní Dakar, olú ìlú Senegal, dókítà Henri Collomb ti ilé ìwòsàn Fann náà gba ẹbí láyè láti bá aláìsàn gbé, ó sì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì kan àwọn ìdílé tó wà ní àdúgbò elérò púpọ̀ bíi Boukoki ní Niamey, olú ìlú Niger, orílẹ̀-èdè tí àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń gbé tipẹ́. Dókítà ọpọlọ kò pọ̀ rárá ní Niger. Bí orí ẹnì kan bá dàrú níbẹ̀, ẹbí ló máa kọ́kọ́ mọ̀, àlùfáà tàbí oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ tọ̀ lọ, ẹbí náà ni yóò sì máa rí i pé ó ń lo oògùn lẹ́yìn tó bá ti ilé ìwòsàn dé. Ìdílé tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní nǹkan kan, ìdè lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó mọ̀.

Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀

Lambo jáde láyé ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹta, ọdún 2004, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 81. Ilé ìwòsàn Aro ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Èrò rẹ̀ náà kò kú. Lọ́dún 2020, ikọ̀ olùwádìí kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti fásitì Ìbàdàn ṣáájú tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Wọ́n jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú ní Nàìjíríà àti Ghana. Èèyàn 307 ló kópa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó gba ìtọ́jú àjọṣe yìí yá ju ti àwọn tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, Nàìjíríà ní òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ti ìgbà ìjọba amúnisìn wá. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè já ṣẹkẹṣẹkẹ. Títí di òní, àwọn aláìsàn ọpọlọ ṣì wà nínú ìdè ní ọ̀pọ̀ ibùdó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, àwọn ará abúlé Aro ṣílẹ̀kùn fún irú wọn, wọ́n gba owó ilé lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì bá wọn gbé.