Ali Farka Touré: Orin wo ló dùn jù nínú orin àgbẹ̀ ọmọ Mali tó gba Grammy?

Láti oṣù Kẹta ọdún 2006 tí Ali Farka Touré ti jáde láyé, àríyànjiyàn kan kò tíì tán láàárín àwọn olólùfẹ́ rẹ̀: èwo ló dùn jù nínú gbogbo orin tó fi gìtá kọ?

Àwọn kan ní Diaraby ni. Àwọn mìíràn ní kò sí èyí tó tó Savane. Àwọn tó fẹ́ràn àwo àtijọ́ á ní kí ẹ lọ wá èyí tó ṣe ní ilé iṣẹ́ Rédíò Mali.

Kí èèyàn tó dá sí ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kó mọ irú ẹni tí Ali jẹ́: àgbẹ̀ tó fẹ́ràn oko rẹ̀ ju orí ìtàgé lọ, tí kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé Amẹ́ríkà ló ti kọ́ orin rẹ̀.

Ọmọ kẹwàá tí wọ́n sọ ní Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Ọdún 1939 ni wọ́n bí Ali ní abúlé Kanau, létí odò Niger, ní agbègbè Timbuktu ní àríwá Mali. Odò yìí kan náà ló ṣàn wọ Nàìjíríà, tí Yorùbá ń pè ní Odò Ọya.

Ọmọkùnrin kẹwàá tí ìyá rẹ̀ bí ni, àmọ́ òun nìkan ló yè nínú wọn. Bí Yorùbá ṣe máa ń sọ àbíkú ní Kòsọ́kọ́ kí ikú lè fi í sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún Ali ní orúkọ Farka, ìyẹn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹranko tó lágídí, tó sì lè fara da ìyà ni.

Ó wà ní kékeré nígbà tí bàbá rẹ̀, tó wà nínú iṣẹ́ ológun Faransé, kú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹbí rẹ̀ kó lọ sí Niafunké, ìlú mìíràn létí odò náà. Ibẹ̀ ló di ilé rẹ̀ títí tó fi kú.

Ìdílé rẹ̀ kò fẹ́ kó kọrin

Ní Mali, àwọn ìdílé kan ló ń jogún orin, bí ìdílé Àyàn ṣe ń jogún ìlù nílẹ̀ Yorùbá. Griot ni wọ́n ń pe irú wọn. Ìdílé Ali kò sí lára wọn, àwọn èèyàn rẹ̀ kò sì fẹ́ kó fi orin ṣe iṣẹ́ jẹun.

Àmọ́ ìyá àgbà rẹ̀ jẹ́ abọrẹ̀ àwọn ẹ̀mí inú odò, níbi tí wọ́n ti ń bọ wọ́n ni Ali sì ti ń gbọ́ orin. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe djerkel, gìtá kékeré olókùn kan ṣoṣo. Ó tún mọ njarka ta, èyí tó jọ gòjé.

Lọ́dún 1956, ó wo eré Keita Fodeba, olórin ọmọ Guinea, ó sì pinnu pé òun náà á ta gìtá. Bó ṣe ń ta djerkel ló ṣe gbé e lọ sórí gìtá.

Kó tó di pé orin ń bọ́ ọ, ó ṣe mekáníìkì, ó wa takisí, ó sì wa ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé aláìsàn. Ọdún 1968, nígbà tó bá ẹgbẹ́ òṣèré Mali lọ sí Sofia ní Bulgaria, ló tó ra gìtá tirẹ̀ àkọ́kọ́.

Ta ló ni blues?

Lásìkò yẹn náà ló gbọ́ àwo John Lee Hooker, ọmọ Amẹ́ríkà, ní Bamako. Ohun tó kọ́kọ́ rò ni pé ọmọ Mali ló ń kọrin, torí ohùn náà jọ orin àwọn Tamasheq tó ti ń gbọ́ láti kékeré.

Ìjọra náà kò ṣòro láti gbọ́. Orin àríwá Mali àti blues jọ ń lo ohùn márùn-ún, wọ́n sì máa ń tẹ okùn kan náà ní àtẹ̀túntẹ̀ nígbà tí olórin ń kọrin lé e lórí.

Ali ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn ní Rédíò Mali láàárín ọdún 1970 sí 1980. Ibẹ̀ ló ti gba orin rẹ̀ sílẹ̀, tó fi ránṣẹ́ sí Paris, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é jáde láti ọdún 1976. Nígbà tí àwo rẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1987, àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní John Lee Hooker ti Áfíríkà.

Kò gba oríyìn náà. Lójú tirẹ̀, Áfíríkà ni gbòǹgbò wà, ẹ̀ka lásán ló wà ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì gbé orin náà sọdá òkun. Àwọn kan ń jiyàn pé àwo Amẹ́ríkà tó gbọ́ náà ràn án, àmọ́ Ali kò yí ohùn rẹ̀ padà.

Diaraby, Ali's Here àbí Savane?

Àwo tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Talking Timbuktu, tí òun àti Ry Cooder, onígìtá ọmọ Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1994. Ó gba Grammy lọ́dún tó tẹ̀lé e.

Diaraby wà nínú àwo náà. Èdè Bambara ló fi kọ ọ́, ìfẹ́ sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ètò rédíò The World ní Amẹ́ríkà lò ó rí fún ìdíje ìmọ̀ ilẹ̀ ayé. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn olùgbọ́ dìbò bóyá kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àwọn olùgbọ́ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ gbọ́ Ali láìsí àlejò ń yan Niafunké, àwo ọdún 1999. Ìlú rẹ̀ ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, nínú ilé kan tó ti di ahoro, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń fún wọn níná. Ali's Here ló ṣí àwo náà.

Àwọn tó fẹ́ orin pẹ̀lẹ́ ń yan In the Heart of the Moon tó jáde lọ́dún 2005, níbi tí gìtá rẹ̀ ti ń bá kora Toumani Diabaté sọ̀rọ̀.

Vieux Farka Touré, ọmọ rẹ̀, náà yan tirẹ̀. Lọ́dún 2022, òun àti ẹgbẹ́ Khruangbin tún orin bàbá rẹ̀ mẹ́jọ kọ nínú àwo tí wọ́n pè ní Ali. Savane àti Diaraby wà lára wọn.

Oko ló ń ṣáájú

Lẹ́yìn Grammy, Ali kò kó lọ sí Yúróòpù. Niafunké ló padà sí. Ó fi owó orin fa omi wọ oko, kí ìrẹsì lè hù lórí ilẹ̀ tí aṣálẹ̀ ń gbà lọ.

Lọ́dún 2004, wọ́n dìbò yàn án ní olórí ìlú náà. Ó fi owó ara rẹ̀ tún ọ̀nà ṣe, ó gbẹ́ gọ́tà, ó sì ń ra epo sí ẹ̀rọ tó ń fún ìlú níná. Ọ̀kan nínú orin òun àti Diabaté ń jẹ́ Monsieur le Maire de Niafunké, ìyẹn olórí ìlú Niafunké.

Ikú rẹ̀

Oṣù Kejì ọdún 2006 ni ó gba Grammy kejì. Oṣù tó tẹ̀lé e ni jẹjẹrẹ eegun pa á ní Bamako, wọ́n sì sin ín sí Niafunké. Àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ní Mali dá ètò wọn dúró, orin rẹ̀ ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́.

Oṣù Keje ọdún yẹn ni àwo Savane jáde. Ó ti ń ṣàìsàn nígbà tó ń ṣe é. Orin tó fún àwo náà lórúkọ jẹ́ ti ẹni tó wà lókè òkun, tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ilé. 

Lọ́dún 2012, àwọn agbébọn tó gba àríwá Mali fi òfin de orin. Niafunké wà lára ìlú tí wọ́n ti pa gìtá lẹ́nu mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n lé wọn kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2013, orin tún padà sí etí odò náà.

Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ Ali rí, Diaraby ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Kó tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ali's Here, kó sì fi Savane kádìí rẹ̀.