Ààrẹ Látòóṣà àti Ìbọn Tuntun Tí Ó Bá A Lójú Ogun

Kò sí ará Ìbàdàn kan tí ń gba oríta Challenge kọjá tí kò tíì rí ère Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde wa àtijọ́, níbi tí ó dúró sí láàárín ọkọ̀ àti èrò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ ìtàn ìyà tí ó jẹ, nítorí àwọn eléré orí ìtàgé ti sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874, a kò mọ̀ ju pé ó jẹ́ òǹrorò lọ. Ọbadókè Látòóṣà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí Ìbàdàn láti 1871 títí di 1885, ni a ń wí. Orúkọ oyè rẹ̀ ni òkè tí à ń pè ní Òkè Ààrẹ ń jẹ́ títí di òní, nítorí ibẹ̀ ni agboolé rẹ̀ wà. Ọ̀nà kan tí a kì í sábà gbà sọ ìtàn rẹ̀ ni ó wù wá láti gbà lónìí, èyí sì ni ọ̀nà ìbọn.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí wa lọ́kàn ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí à ń bá pàdé ní Bódìjà àti Agbówó a máa sọ̀rọ̀ nípa ìdíje ìbọn yíyìn tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ti ń péjọ láti yìnbọn sí àmì tí ó jìnnà tó 200 yáàdì, tó 300, àní tó 600 pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò kọ́ ọ bí a ti ń dùbúlẹ̀ àti bí a ti ń jókòó yìnbọn, bí a ti ń dá èémí dúró, àti bí a ti ń fi ìka fa ìbọn jẹ́jẹ́ láìfi gbogbo ara gbọ̀n. Wọn yóò sì kìlọ̀ fún un pé kí ó ka iye ọta tí ó mú wá láti ilé. Eré ni èyí fún wọn. Àwọn baba wa ní Ìbàdàn ní láti kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ní ojú ikú, nígbà tí àwọn ọ̀tá ti kọ́ ọ ṣáájú wọn.

Látòóṣà kì í ṣe ọmọ ọba. Ní Ìbàdàn ìgbà náà, oyè kì í ṣe ogún ìdílé. Akọni tí ó bá ní ọmọ lẹ́yìn, tí ó lè bọ́ wọn, tí ó sì lè dì wọ́n ní ìhámọ́ra, òun ni yóò gòkè. Ọ̀dọ́mọkùnrin yóò lọ fi ara rẹ̀ sábẹ́ baba ogun kan, yóò tẹ̀ lé e lọ sí ojú ìjà, ibẹ̀ ni yóò sì ti kọ́ iṣẹ́. Ìbọn tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ni ṣakabùlà, èyí tí a ń kì láti ẹnu. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, a ó fi ọta lé e, a ó tún gún un. Lẹ́yìn náà ni a ó tó ronú àtiyìn ín. Ẹni tí ń ṣe gbogbo èyí kò lè dùbúlẹ̀, ìdúró ni yóò dúró. Nítorí náà, ìṣe àwọn jagunjagun wa ni pé kí àwọn kan yára síwájú, kí wọ́n yìn, kí wọ́n sì fà sẹ́yìn láti kì í, nígbà tí àwọn mìíràn bá bọ́ sí iwájú ní ipò wọn. Ìgboyà ni ó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ nínú irú ogun bẹ́ẹ̀, Ìbàdàn kò sì ní ẹlẹ́gbẹ́ nínú rẹ̀. Nípa rẹ̀ ni wọ́n fi fọ́ Ìjàyè ní 1862, tí wọ́n sì kó Iléṣà ní 1870.

Ní 1871 Látòóṣà di olórí ìlú, ó sì gba oyè Kakaǹfò, èyí tí Kúrunmí ti Ìjàyè àti Òjó Abúrúmákù ti Ògbómọ̀ṣọ́ ti jẹ ṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọdún náà. Ní 1871 yìí gan-an ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ìbọn Martini-Henry, tí a ń kì láti ìdí, tí ẹ̀tù àti ọta rẹ̀ sì wà pọ̀ nínú akóló idẹ kan ṣoṣo. Ní ọdún kan náà ni a dá ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn sílẹ̀ ní New York, kí àwọn ará Amẹ́ríkà lè kọ́ bí a ti ń yìnbọn bá àmì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣáájú wọn nínú eré yìí: ní 1860 ni Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ yin ìbọn àkọ́kọ́ ní pápá Wimbledon, láti 400 yáàdì, ọta náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àárín àmì gẹ́lẹ́. Gbogbo èyí ń lọ lókè òkun, Ààrẹ tuntun kò sì gbọ́ ohunkóhun nínú rẹ̀. Ṣakabùlà tí ó gbé e dé ipò náà ni ó gbẹ́kẹ̀ lé.

Bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ ìbọn, a kò lè ṣe kí a má sọ ti ẹ̀tù àti ti owó. Àwọn oníṣòwò ńlá, tí àwọn obìnrin pọ̀ nínú wọn, ni wọ́n ń ra ìbọn àti ẹ̀tù láti etí òkun, tí wọ́n sì ń tà á ní àwìn fún àwọn balógun. Bí ogun bá mú ẹrú àti ìkógun bọ̀, a ó san án. Ẹfúnṣetán jẹ́ ọ̀gá nínú wọn. Ẹ̀sùn tí Ààrẹ kà sí i lọ́rùn ni pé kò bá òun lọ sí ogun Adó, pé kò fi ohun ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́, àti pé kò wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Ó rọ̀ ọ́ lóyè, kò sì pẹ́ tí àwọn ẹrú Ìyálóde fúnra rẹ̀ fi pa á ní òru. Àwa kì í ṣe adájọ́ àwọn òkú, ṣùgbọ́n a kò lè ṣàì sọ pé olórí ogun tí ó bá pa ẹni tí ń ta ẹ̀tù ní àwìn run ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu àpò ara rẹ̀.

Ọ̀nà ni ìṣòro rẹ̀ tí ó kù. Ìbàdàn kò kan òkun. Ẹ̀gbá ati Ìjẹ̀bú ni ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, àwọn ni ó sì ń pinnu iye ẹ̀tù tí yóò kọjá. Ní 1877 Ààrẹ rán àwọn èrò lọ sí Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto Novo, láti lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù. Àwọn Ẹ̀gbá bínú sí èyí, Ààrẹ náà sì gbé ogun tì wọ́n. Àwọn ìjòyè kan kò fẹ́ ogun yìí rárá, ṣùgbọ́n ó ti pinnu. Ẹ̀gbá ti ọ̀nà wọn pa, Ìjẹ̀bú sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ẹni tí ń wá ẹ̀tù ti fi wíwá rẹ̀ dí ilẹ̀kùn ẹ̀tù.

Nígbà tí àwọn tí Ìbàdàn ń jọba lé lórí rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kún, wọ́n dìde. Ní 1878 Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní ìlú wọn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù November ọdún náà, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣẹ́gun wọn, àwọn àti Ìlọrin tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ní Ìkìrun, nínú ìjà tí à ń pè ní Jálumi. Ṣakabùlà ni wọ́n fi ja èyí, nítorí náà Ìbàdàn ló borí. Kò jọ wá lójú pé Ààrẹ mọ̀ pé irú ìṣẹ́gun bẹ́ẹ̀ kò tún ní í sí mọ́. Ó kó ogun jáde fúnra rẹ̀ láti lọ parí iṣẹ́ náà, ó sì tẹ̀dó sí ìhà Ìgbájọ. Àwọn ọ̀tá tẹ̀dó kọjú sí i ní ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìró ìbọn tí ń dún láàárín àwọn òkè náà ni a sọ pé ó fún ogun yìí ní orúkọ, Kírìjì.

Olórí tí àwọn Parapọ̀ wá fi jẹ lé ara wọn lórí ni Ògèdèǹgbé ará Iléṣà. Ìbàdàn ti mú ọkùnrin yìí rí, wọ́n kọlà sí i lójú, ó sì ti ti ọwọ́ wọn kọ́ ọ̀nà ogun. Ohun tí kò kọ́ ní Ìbàdàn ni ìbọn tuntun. Èkó ni èyí ti wá. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí a ti kó lẹ́rú rí, tí wọ́n padà bọ̀ láti Sàró àti Brazil, dá Ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n dá owó, wọ́n ra ìbọn Snider àti irú rẹ̀, wọ́n sì fi wọ́n ránṣẹ́ gba ojú ọ̀sà dé ọ̀nà Oǹdó, èyí tí ìjọba Èkó ti mú kí ó là ní 1872. Ọ̀nà yìí kò kọjá níwájú Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú. Àwọn kan nínú àwọn ará Èkó náà sì bá ìbọn lọ, láti kọ́ àwọn ará ilé ní bí a ti ń lò ó.

Ẹ wo ohun tí ìbọn yìí lè ṣe. A gbẹ́ inú ọ̀pá rẹ̀ ní ìlà tí ó lọ́ bí okùn, tí ó fi jẹ́ pé ọta yóò máa yí bí òkòtó bí ó ti ń jáde lọ, kì yóò sì yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ-ogun tí ó mọ̀ ọ́n lò lè yin Snider ní ìgbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí oníṣakabùlà kò ì tíì kì í tán ní ìgbà mẹ́ta. Èyí tí ó sì tóbi jù ni pé ayìnbọn lè dùbúlẹ̀ sẹ́yìn òkìtì kì í, láìgbé orí sókè. Gbogbo ìgboyà tí Ìbàdàn fi ń sáré síwájú wá di ewu fún wọn, nítorí ibi tí ìbọn tiwọn kò lè dé ni ọta ti ń bá wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fara pamọ́ sẹ́yìn yàrà àti òkìtì, tí ìjà tí ì bá parí ní ọjọ́ kan fi di ti ọdún púpọ̀.

Àwọn kan yóò bi wá pé kí ni kò jẹ́ kí Ìbàdàn ra tirẹ̀. Wọ́n wá a, wọ́n sì rí díẹ̀, pàápàá lẹ́yìn 1883, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Ìjẹ̀bú kọ̀yìn sí Awùjalẹ̀ Fídípọ̀tẹ̀, tí ọ̀nà sì ṣí díẹ̀. Ṣùgbọ́n ríra ìbọn kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ Ìbàdàn lè rọ ọta ṣakabùlà, ó lè tún òkúta tí ń ta iná rẹ̀ ṣe; kò lè rọ akóló idẹ Snider. Ẹyọ kan tí a bá yìn dànù, ẹyọ kan ti lọ, ó di ìgbà tí Èkó bá tún fi òmíràn ránṣẹ́. Jagunjagun tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ yíyìn láìfi ojú wọ̀n ọ́n, tí ó ń gbé ìdí ìbọn sí ìbàdí, ní láti kọ́ bí a ti ń gbé e sí èjìká, kí ó fi ojú kan ṣoṣo wo àmì, kí ó sì ní sùúrù. Kò sí ọta tí ó tó láti fi kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ní òkè òkun, ọta púpọ̀ ni wọ́n ń yìn sí pátákó lásán kí wọ́n tó pe ẹnì kan ní ayìnbọn.

Ogun náà kò gbé Ààrẹ padà wá sí Òkè Ààrẹ. Àwọn ìjòyè rẹ̀ ti sú u, òun náà ti sú wọn. Àgbà ti dé sí i nínú àgọ́, ìsinmi kò sì sí. Ní oṣù August 1885 ó kú síbẹ̀, láìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ ni a kò ṣẹ́gun rẹ̀. Àjàyí Òṣúngbẹ́kún gba ìdarí ogun lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ń pe Látòóṣà ní òmùgọ̀ kò ṣe déédéé tó lójú tiwa. Kò sí olórí Yorùbá ìgbà náà tí ó mọ iye ẹ̀tù jù ú lọ. Àìmọ bí a ti ń bá aládùúgbò gbé ni ó pa á lára, nítorí ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni ẹ̀tù ti ń wá.

Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó gbé ní Ìbàdàn tí ó sì kọ ìtàn Yorùbá, àti Àlùfáà Charles Phillips ni wọ́n sáré láàárín àgọ́ méjèèjì títí tí a fi ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 23 September 1886. Síbẹ̀ àwọn ọmọ-ogun kò tú ká títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá láti Èkó. Oyè Kakaǹfò ṣófo láti ọjọ́ tí Látòóṣà ti kú títí di 1964, ọdún tí wọ́n fi Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, jẹ ẹ́. Ní òru 15 January 1966 ni àwọn sójà yìnbọn pa òun náà ní ilé rẹ̀ ní Ìyágankú, níhìn-ín ní Ìbàdàn.